Ṣé ère inú ibojì Íjíbítì ni wọ́n fi rọ́pò abọ́bakú?

Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ̀ bóyá torí kí wọ́n lè ṣíwọ́ pípa ènìyàn bá ọba lọ ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ṣe ń kó ère kéékèèké sínú ibojì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, àlàfo àárín méjèèjì ti pọ̀ jù.

Ní Abydos, ní nǹkan bí ọdún 3000 ṣáájú ìbí Jésù, sàréè tó yí ti ọba Djer ká lé ní 300. Púpọ̀ nínú àwọn awalẹ̀pìtàn gbà pé ńṣe ni wọ́n pa àwọn ènìyàn náà bá ọba lọ. Àṣà yẹn ò pẹ́ tó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ó tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí ère òkúta ìránṣẹ́ tó wọ́pọ̀ nínú ibojì àwọn ìjòyè: obìnrin tó ń lọ ọkà, ọkùnrin tó ń sẹ́ ọtí. Kí oúnjẹ má baà wọ́n olóògbé ni.

Nígbà tó yá, igi ni wọ́n ń gbẹ́. Lọ́dún 1920, wọ́n bá ère 24 nínú yàrá kékeré kan nínú ibojì ìjòyè Meketre ní Thebes. Ẹ wo ti àká ọkà: àwọn kan ru àpò gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń da ọkà sílẹ̀, àwọn akọ̀wé sì jókòó, wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Kò sí èyí tó wù mí tó o.

Ti shabti, ìyẹn ère kékeré mìíràn tó tẹ̀ lé e nínú ibojì, yàtọ̀. Ó rí bí òkú tí wọ́n fi aṣọ dì, orúkọ olóògbé gan-an ni wọ́n sì ń kọ sí i lára. Wọ́n gbà pé oko wà lọ́run, wọ́n sì lè pe ẹnikẹ́ni, títí kan ọba, síṣẹ́ níbẹ̀: kó bomi rin ilẹ̀, kó ru iyanrìn. Ọ̀fọ̀ ara ère ló ń pàṣẹ fún un pé bí wọ́n bá pe olóògbé, òun ni kó jẹ́ ẹ. Aṣojú ni nígbà náà, kì í ṣe ẹrú.

Bí iye wọn ṣe ń pọ̀ ni ipò wọn ń rẹlẹ̀. 413 ni wọ́n bá nínú ibojì ọba Tutankhamun: 365 fún ọjọ́ inú ọdún, 36 tó jẹ́ ọ̀gá lórí mẹ́wàá-mẹ́wàá, àti 12 fún oṣù. Láyé àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́, àwọn ọ̀gá náà ti ń mú pàṣán lọ́wọ́. Ìwé ẹ̀rí owó sísan kan láti ìgbà yẹn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣẹ́ ère sọ nínú rẹ̀ pé òun ti gba fàdákà tó jẹ́ owó shabti 365 àti ọ̀gá 36, àti pé ẹrúkùnrin àti ẹrúbìnrin ni wọ́n.