Ahọ́n Alágẹmọ Lágbára Ju Ọ̀fun Rẹ̀ Lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń sin alágẹmọ kan nínú àgò onínẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ Àìkú, ó mú tata ńlá kan fún un. Alágẹmọ na ahọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé e mì. Nígbà tó dọjọ́ kejì, ó bì í jáde bó ṣe wà, àtàárọ̀ ló sì ti dijú. Ṣé tata yẹn ló tóbi jù ni? Báwo la ṣe ń mọ èyí tó bá a mu?
*Ìyá ọlọ́mọ kan, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta*

Ìdáhùn: Ó tóbi jù, ìyá wa. Àmọ́ ojú tó dì yẹn ló kọ́kọ́ ká wa lára. Alágẹmọ tí ara rẹ̀ dá kì í dijú lọ́sàn-án. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má sì ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ wọ́n omi sí ewé inú àgò, torí omi orí ewé ló máa ń lá.

Ahọ́n ẹranko yìí ló ń tan èèyàn jẹ. Ó lè na ahọ́n ju gígùn ara rẹ̀ lọ. Itọ́ tó wà lórí ahọ́n náà ki, ó sì ń lẹ̀ débi pé ó lè fa ohun tó wúwo tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀. Ọ̀fun ni ò gba bẹ́ẹ̀. Eyín rẹ̀ wà fún dídi nǹkan mú àti fífọ́ ọ díẹ̀, kì í rún oúnjẹ kúná bíi tiwa. Kòkòrò tó bá tóbi jù lè há sí ọ̀nà ọ̀fun, tàbí kó délé ikùn kó má dà, kó wá máa rà síbẹ̀.

Àlàfo tó wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì, lókè orí, la fi ń wọn oúnjẹ. Gígùn ara kòkòrò ò gbọdọ̀ jù ú lọ. Ẹ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ẹ nà án sókè orí alágẹmọ láì fi kàn án, ẹ wo ibi tí àlàfo yẹn parí sí, kí ẹ ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Ẹyọ kékeré yẹn ti di òṣùwọ̀n yín; ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgò. Bí ẹ bá mú kòkòrò wá, ẹ fi wọ̀n ọ́n láti iwájú orí dé ìdí. Ẹ má ka irun gígùn méjì orí rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì ka ẹsẹ̀ tó fi ń fò. Bí alágẹmọ bá ṣì ń dàgbà, ẹ máa ṣẹ́ òmíràn lóṣooṣù.

Ìrẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ń sìn kì í sábà ju mílímítà 20 lọ tó bá dàgbà tán. Ìrẹ̀ ńlá tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, tí àwọn èèyàn ń yan jẹ, máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 4. Èyí kì í ṣe oúnjẹ alágẹmọ ilé rárá.

Ẹ bi ọmọ yín léèrè àwọ̀ tata yẹn náà. Èyí tó ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè, tí dúdú wà lára rẹ̀, tó máa ń bo ẹ̀gẹ́ àti ewé Akíntọ́lá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oró wà lára rẹ̀. Òdòdó Akíntọ́lá ló ti ń kó o. Bó kéré bó tóbi, ẹ má fún un. Ẹ sọ èyí fún dókítà pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ẹyin alágẹmọ mi pa lánàá. Kí ni kí n fún àwọn ọmọ rẹ̀?
*Òǹkàwé kan, Ṣùúrùlérè*

Ìdáhùn: Alágẹmọ bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ìyá wọn kì í bọ́ wọn. Fúnra wọn ni wọ́n ń ṣọdẹ. Ohun tí kò ju mílímítà 2 sí 3 lọ ni kí ẹ wá: ọmọ ìrẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tàbí àwọn eṣinṣin tíntìntín tó ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìgò, ẹ ṣí i sílẹ̀ nídìí fèrèsé fún ọjọ́ méjì. Bí eṣinṣin bá ti kún un, ẹ fi ìdérí tó ní ihò wẹ́wẹ́ dé e, kí ẹ gbé e sínú àgò. Wọ́n á máa yọ jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ni ọmọ alágẹmọ ń jẹun. Kí nẹ́ẹ̀tì àgò náà há o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eṣinṣin á sá lọ.

Ìbéèrè: Aáyán pọ̀ nílé wa. Ṣé mo lè máa fi bọ́ alágẹmọ mi tó ti dàgbà? Mélòó ló tó o?
*Òǹkàwé kan, Ìkòyí*

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Aáyán tó jẹ òtápíápíá tí kò tíì kú ṣì gbé oró náà dání, ẹ ò sì mọ ilé tó ti wá. Ìrẹ̀ tí wọ́n sìn ló dáa, mẹ́rin sí mẹ́fà lọ́jọ́ méjì-méjì. Èsúnsún tó yọ lẹ́yìn òjò dára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ìyẹ́ rẹ̀, ẹ sì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wọn òun náà.

Ní wákàtí 24 kí ìrẹ̀ tó dé àgò, ẹ fún un ní kárọ́ọ̀tì àti ewé ọ̀dùnkún jẹ, torí ohun tó wà nínú ìrẹ̀ ni alágẹmọ ń jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá pẹ̀lú ẹ̀tù kálísíọ́mù (èròjà tó ń mú egungun le) tó tó orí ìṣáná, ẹ mì í títí ara wọn á fi funfun fẹ́ẹ́rẹ́. Èròjà mìíràn tó ń jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ìrẹ̀ ju kálísíọ́mù lọ. Láìsí ẹ̀tù yìí, egungun alágẹmọ á rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́.

Bí àgò bá wà nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Nínú òtútù, kòkòrò tó bá a mu pàápàá kì í tètè dà. Kó tó di alẹ́, ẹ kó ìrẹ̀ tó ṣẹ́kù jáde, torí ìrẹ̀ tí ebi ń pa máa ń bu alágẹmọ tó ti sùn jẹ.