Ọjọ́ méjì ní Róòmù

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá Sátidé àti Sọ́ńdè péré tó láti fi rí Róòmù tó ti ń wù yín tipẹ́. Ó tó, bí ẹ kò bá ti ní kí ẹ rí gbogbo rẹ̀ tán.

Sátidé ni kí ẹ lọ sí Vatican, torí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn kì í ṣí ní Sọ́ńdè, àfi èyí tó bá kẹ́yìn oṣù, èrò sì máa ń pọ̀ lọ́jọ́ náà bí eṣú. Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Colosseum, gbọ̀ngàn ìwòran ńlá àwọn ará Róòmù àtijọ́.

Ṣùgbọ́n Pantheon, tẹ́ńpìlì àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Ilé náà ti lé ní 1,800 ọdún, síbẹ̀ òrùlé roboto rẹ̀, kọnkéré tí kò ní irin nínú, ṣì dúró digbí. Àárín rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu: oòrùn ń gbabẹ̀ wọlé, òjò náà ń gbabẹ̀ wọlé, àwọn ihò kéékèèké ilẹ̀ á sì fa omi lọ. Ẹ gbójú sókè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kánjú jáde.

Láti pápákọ̀ òfurufú Fiumicino, rélùwéè Leonardo Express á gbé yín dé Termini, ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá Róòmù, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 32. Ẹ wọ bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn.