Section A ni kẹ́ ẹ bá wọn ná

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní báńkì fẹ́ gba $9,200 lọ́wọ́ yín láti ṣe refinance ilé yín ní Maryland (ìyẹn kẹ́ ẹ fi gbèsè tuntun san gbèsè àtijọ́ orí ilé náà), àti pé ẹni tó ń bá yín ṣe é sọ pé iye tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kò ṣeé yọ. Ó ṣeé yọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ṣeé ná, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ṣeé ná kẹ́ ẹ tó lanu.

Ìyà ẹ̀ ti jẹ mí rí. Ní 2016, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ló bá mi ṣe tèmi. "Àǹtí mi" ló ń pè mí, ó ní kọ́bọ̀ kan ò ní jáde lápò mi. Lóòótọ́, kọ́bọ̀ kan ò jáde. Oṣù kejì ni mo tó fara balẹ̀ wo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, tí mo rí i pé gbèsè orí ilé mi ti fi $7,600 ju iye tí mo jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Inú gbèsè ni wọ́n ti gbogbo owó náà bọ̀, kí n máa san èlé lé e fún ọgbọ̀n ọdún. Wọn ò parọ́ fún mi o, ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Ojú ló tì mí láti bi àbúrò wa léèrè ọ̀rọ̀, èmi tí mo lè dúró lórí iye ẹja fún ogún ìṣẹ́jú.

Nígbà tí èlé já wálẹ̀ ní 2020 tí mo tún fẹ́ ṣe refinance, mo ti kọ́gbọ́n. Ìwé olójú mẹ́ta kan wà tó ń jẹ́ Loan Estimate, ibẹ̀ ni ayánilówó ń kọ èlé àti gbogbo owó tó fẹ́ gbà sí. Tẹ́ ẹ bá ti fún wọn ní orúkọ yín, iye tó ń wọlé fún yín, nọ́ńbà Social Security, àdírẹ́sì ilé, iye tẹ́ ẹ rò pé ilé náà tó, àti iye tẹ́ ẹ fẹ́ yá, òfin ní kí wọ́n fi ìwé yẹn ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ tẹ̀síwájú, owó àtiwo credit yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń san gbèsè, nìkan ni wọ́n lè gbà. Mo gbà á lọ́wọ́ ayánilówó mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, torí èlé àná lè má jẹ́ tòní. Ẹ má sì bẹ̀rù pé credit yín á já wálẹ̀: tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyọ kan ni FICO, àwọn tó ń ṣírò máàkì credit, máa kà á sí.

Ẹ ṣí ojú ìwé kejì. Section A ni owó tí ayánilówó ń gbà sápò ara ẹ̀. Section E jẹ́ tìjọba. F àti G ni owó-orí ilé, ìnṣọ́ránsì, àti owó tí wọ́n fẹ́ kó sí escrow, ìyẹn àpò tí wọ́n á ti máa bá yín san owó-orí àti ìnṣọ́ránsì. Ẹ má fi àsìkò ṣòfò lórí ìyẹn, kò síbi tẹ́ ẹ máa lọ tẹ́ ẹ ò ní san án, owó tó wà ní escrow àtijọ́ yín á sì padà sọ́wọ́ yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá tó pọ̀ nínú $9,200 yẹn ló jẹ́ bẹ́ẹ̀.

$280,000 ni mo fẹ́ yá. Ohun tí wọ́n kọ sí Section A mi: application fee (owó ìwé ìbéèrè) $450, processing (owó àtito ìwé) $695, underwriting (owó àtiyẹ̀ mí wò bóyá mo lè san gbèsè) $995, point kan (ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí mo fẹ́ yá, tí wọ́n ń gbà ṣáájú kí èlé lè wálẹ̀) $2,800. Mo pe ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe é lọ́dọ̀ ayánilówó náà. Mo ní kí ni wọ́n ń fi $450 ṣe nígbà tí processing ti wà nílẹ̀? Ó ní gbogbo èèyàn ló ń san án. Mo ní mi ò bèèrè ẹni tó ń san án, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ni mo bèèrè. Ó dákẹ́. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní òun á bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀, kí n sì tó dé ibi iṣẹ́ alẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn, $450 ti kúrò.

Point yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fojú sí. Wọ́n ní òun ló máa jẹ́ kí èlé mi jẹ́ 3%. Mo ní tí mi ò bá rà á ńkọ́? Wọ́n ní 3.125%. Mo jókòó ṣírò ẹ̀ lórí tábìlì ìdáná: $1,180 lóṣù tí mo bá ra point, $1,199 tí mi ò bá rà á. Nítorí $19! Kí $19 tó kó $2,800 mi padà, ó máa tó oṣù 147, ìyẹn ju ọdún méjìlá lọ. Mi ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn láti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Tí wọ́n bá ní àwọn á fún yín ní lender credit, ìyẹn owó tí wọ́n á fi bá yín san lára ìnáwó náà, ẹ ṣírò òun náà báyìí, torí èlé ni wọ́n máa fi gbà á padà.

Lẹ́yìn náà ni mo fi Loan Estimate ẹlòmíì ránṣẹ́ sí i, ó sì já underwriting wá sí $500. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ò yọ dọ́là kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo kúrò níbẹ̀.

Section C ni iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíì ń ṣe, ẹ̀yin lẹ lè yan ẹni tó máa ṣe é. Mo wá ìwé title insurance (ìnṣọ́ránsì lórí ẹni tó ni ilé) tí mo gbà nígbà tí mo ra ilé, mo ní kí wọ́n fún mi ní reissue rate, ìyẹn ẹ̀dínwó fún ẹni tó ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n lè má dárúkọ ẹ̀ fún yín o, àfi tẹ́ ẹ bá bèèrè. Ó yọ ju $300 lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká fọwọ́ síwèé, Closing Disclosure dé, ìwé tó ń sọ iye tí gbogbo ẹ̀ já sí níkẹyìn. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àkọ́kọ́, mo ń fi bírò kà á láìnì láìnì. $150 kan ti yọjú sí Section A, tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Section A kò gbọ́dọ̀ ga ju ti Loan Estimate lọ láìjẹ́ pé nǹkan gidi kan yí padà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Ó dáa. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi la ti fọwọ́ sí ìwé torí kòrónà.

Ẹ ya fọ́tò Section A yín, ẹ bo orúkọ àti àdírẹ́sì, ká jọ wò ó. Kẹ́ ẹ sì sọ iye ọdún tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ lò nínú ilé náà.