Ìbéèrè Òǹkàwé: Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Ọjà Ọrọọrún Ń Ná?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èkó ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní ìletò kan nítòsí Ọ̀yọ́ sọ fún mi pé ọrọọrún ni ọjà wọn ń ná, ó sì ti ná ní ọjọ́ Ajé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ márùn-ún bọ́ sí Àbámẹ́ta, ni mo bá wọ ọkọ̀. Àtẹ òfìfo àti ewúrẹ́ méjì ni mo bá lọ́jà. Ṣé wọ́n ti yí ọjọ́ ọjà padà ni? — Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrìn, Ìyá Ìbejì, ó sì dùn wá pé òfo ni ìrìn náà já sí. Ẹnikẹ́ni kò yí ọjọ́ ọjà padà. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ni ọ̀rọ̀ wà. Àwa Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí ọjà ná gan-an mọ́ iye, òun ni ọjọ́ kìíní. Bí ọjà bá ná ní ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun di ìkejì, Ọjọ́rú di ìkẹta, Ọjọ́bọ̀ di ìkẹrin, Ẹtì sì di ìkarùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjà náà tún ná, ẹ fi ọjọ́ kan pẹ́. Bákan náà ni ọjà ìsán, tí à ń kà sí ọjọ́ mẹ́sàn-án, fi ń ná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, tí ọjà ìtàdógún, tí à ń kà sí ọjọ́ 17, irú èyí tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkè ní Ọ̀jẹ́ n'Ìbàdàn, sì fi ń ná lẹ́yìn ọjọ́ 16.

Ọ̀sẹ̀ àwọn baba ńlá wa, tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ni òǹkà yìí ti wá: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Àwọn ìletò tó múlé ti ara wọn a máa pín àwọn ọjọ́ wọ̀nyí mọ́ra wọn lọ́wọ́, kí ọjà wọn má baà kọlu ara wọn, kí alájàpá tó ra ẹ̀gẹ́ ní ìletò kan lónìí sì lè ra èlùbọ́ ní ìkejì lọ́la. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ètò tó gún régé jù lọ tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò lè kà á mọ́.

Nítorí pé ọ̀sẹ̀ tí à ń lò nísinsìnyí jẹ́ ọjọ́ méje, ọjà ọrọọrún kì í dúró sójú kan. Láti Ajé, á bọ́ sí Ẹtì, á bọ́ sí Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú àti Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ẹni tí kò ráyè àfi ní Àbámẹ́ta yóò bá ọjà náà pàdé lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọjọ́ 28 yìí. Ẹ fi bírò sàmì sí i lórí kàlẹ́ńdà yín.

Ìbéèrè: Mo ra gàrí kóńgò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá méjì ní iye kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan pọ̀ ju èkejì lọ dáadáa. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ àgbẹ̀ yàtọ̀ sí alájàpá? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Ọwọ́ ni kí ẹ máa wò. Ìyá tó lawọ́ yóò fi apá òsì yí ẹnu kóńgò ká, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún máa da gàrí lé e títí yóò fi ga ṣóńṣó bí orí ahéré, apá yẹn ni kò sì ní jẹ́ kó ya lulẹ̀. Ẹlòmíràn a kàn bu ú, a sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàn padà sínú àpò. Ẹ wo ìdí kóńgò náà pẹ̀lú, nítorí àwọn kan a máa lù ú wọ inú.

Ní ti àgbẹ̀, ohun tí oko rẹ̀ mú wá ni ẹ ó bá níwájú rẹ̀: iṣu mélòó kan tí erùpẹ̀ ṣì wà lára wọn, ata ìdajì apẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọ́ ìdì mẹ́ta. Alájàpá ni yóò to àpò ohun kan ṣoṣo jọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ná ọjà arúgbó tó fi ẹsẹ̀ rìn wá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo títí yóò fi tà á ní ìtàkútà, nítorí kò lè rù ú padà sílé, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ san iye tó tọ́, kí ẹ wá béèrè èènì.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ya fọ́tò nínú ọjà? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ kí wọn pé "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá," kí ẹ ra nǹkan, kí ẹ tó tọrọ àyè. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dá fóònù padà sápò. Bí ẹ bá sì rí ojúbọ Èṣù lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni kí ẹ ti gba àṣẹ, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó ń tajà nítòsí rẹ̀.