Ẹ má tẹ "Format": ohùn bàbá yín ṣì lè wà níbẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí, Apẹ́tẹ́ ni mò ń gbé ní Ìbàdàn níbí. Láptọ̀ọ̀pù mi kú lọ́dún tó kọjá, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀ torí mo ti da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí hard disk 1TB tí wọ́n máa ń fi wáyà USB sọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n mú iná lọ nígbà tí mò ń lò ó, ọmọ mi fẹsẹ̀ kọ wáyà nínú òkùnkùn, hard disk náà sì já bọ́ láti orí tábìlì. Látìgbà náà, tí mo bá sọ ọ́, á pẹ́ kó tó yọjú, lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà á ní kí n fọ́máàtì rẹ̀. Ohùn bàbá mi olóògbé wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé wa. Àbúrò mi ní kí n gbé e sínú fìríìsà. Oníṣẹ́ kan l'Ágbowó ní òun á tú u wò. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdààmú, mà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà báyìí, kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ má sì tún sọ ọ́ láti wò ó bóyá ara rẹ̀ ti yá.

Àwọn àwo róbótó ló wà nínú rẹ̀, tí irú tiyín sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Abẹ́rẹ́ kan ń fò lókè wọn, ó jọ ti ẹ̀rọ àwo orin àtijọ́, àmọ́ eléyìí kò gbọdọ̀ fara kan àwo rárá. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó nanometer 10, bẹ́ẹ̀ irun orí èèyàn kan nípọn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá nanometer. Tí hard disk bá já bọ́ nígbà tó ń yí, abẹ́rẹ́ lè gbá àwo, kó sì họ ọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tan án, ó lè máa họ ọ́ sí i.

Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ fìríìsà. Ẹ wo bí píọ̀ wọ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fìríìjì ṣe máa ń làágùn nínú ooru Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rinrin lè bo àwo yẹn. Ní ti títú u, inú yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú atẹ́gùn rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹyọ eruku kan ṣoṣo, òkè ńlá ni lójú abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tú u lórí káńtà tó kọjú sí títì, ẹ gba ẹrù yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ẹ gbọ́ nígbà tí ẹ sọ ọ́? Tó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ abẹ́rẹ́ ló ti bàjẹ́, kò sí sọfitiwia tó lè wò ó, àwọn tó ní irú yàrá yẹn nìkan ló kù. Àmọ́ tó bá ń yí geerege, tí kọ̀ǹpútà sì mọ̀ pé 1TB ni, ìrètí wà. Tó bá ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn kí ẹ tún disk náà ṣètò bí òfìfo, ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ ni pé òun ò rí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àti ibùgbé fáìlì kọ̀ọ̀kan sí kà mọ́. Ìwé ilé ìkẹ́rù lè fàya kí ẹrù ṣì wà nílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Wọ́n á sáré lo chkdsk, ìyẹn irinṣẹ́ àtúnṣe disk tó wà nínú Windows. Kí disk ṣeé lò ni chkdsk ń wá, kì í ṣe fáìlì yín. Orí disk náà gan-an ló ń kọ àtúnṣe rẹ̀ sí, ó sì lè gé ohun tí kò bá yé e dànù. Èmi kì í gbà kí wọ́n lò ó lórí disk tó já bọ́.

Ẹ̀dà ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ẹ ra disk míì tó tóbi ju tiyín lọ, 2TB dáa. Lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, GNU ddrescue ni mo máa ń lò, sọfitiwia tó ń ṣe ẹ̀dà disk tó ń ṣàìsàn. Ibi tó rọrùn ló máa ń kọ́kọ́ kó, á fo ibi tó le, á tún padà wá síbẹ̀ tó bá yá. Ó ń kọ ibi tó dé sílẹ̀ nínú fáìlì kan, tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá mú iná lọ, ibi tó dúró sí ni á ti máa bá a lọ. Disk 1TB tí ara rẹ̀ le lè gba bíi wákàtí mẹ́ta. Tó bá ń ṣàìsàn, ó lè gba ọjọ́ púpọ̀. Ẹ ní sùúrù.

Orí ẹ̀dà yẹn ni wọ́n á ti wá lo TestDisk, sọfitiwia tó ń wá ìwé orúkọ fáìlì yẹn padà. Tí kò bá gbé orúkọ fáìlì jáde, sọfitiwia kejì, PhotoRec, á fi bí fáìlì ṣe bẹ̀rẹ̀ dá a mọ̀, àmọ́ orúkọ á ti sọnù, ẹ ó sì máa tẹ́tí gbọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Tó bá jẹ́ MP3 ni ohùn bàbá, ihò díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ibi tí kò ṣeé kà, kàn lè jẹ́ kó fò níbì kan, torí ègé kéékèèké ni wọ́n fi tò ó. Fáìlì Word tí ihò bá wà nínú rẹ̀ lè kọ̀ láti ṣí rárá.

Ẹ bi oníṣẹ́ tí ẹ bá gbé e lọ bá pé: "Ṣé ẹ̀dà lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?" Tó bá ń kùn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Tó bá sì yọ disk kúrò nínú ike rẹ̀, kó má ju bọ́ọ̀dù kékeré tí wáyà USB wọ̀ sí nù, torí lára àwọn disk kan, bọ́ọ̀dù yẹn ló ń ti fáìlì pa, òun nìkan ló sì lè ṣí i.

Àmọ́ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀: láptọ̀ọ̀pù tó kú yẹn, níbo ló wà? Nígbà tí láptọ̀ọ̀pù bá kú, bọ́ọ̀dù rẹ̀ tàbí ibi tí iná ń gbà wọlé ló sábà máa ń bàjẹ́. Disk inú rẹ̀ lè wà láìfarapa. Tó bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé e jáde lónìí, kí wọ́n yọ disk inú rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fi gba ohùn náà sílẹ̀, ẹ wá òun náà pẹ̀lú.