Kẹ́míkà tó ki: ẹ ṣọ́ ìwọ̀n ooru rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọn dẹ́ńsítì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá haidirómítà (ọ̀pá gíláàsì tó ń léfòó nínú nǹkan olómi) ló yẹ kẹ́ ẹ fi wọn dẹ́ńsítì (bí nǹkan ṣe wúwo tó sí àyè tó gbà) kẹ́míkà tó ki bí oyin, tẹ́ ẹ fẹ́ kọ sínú ìwé ààbò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó náwó.

Ojú mi rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wò dá fọ́ọ̀mù mi padà, "kò pé" nìkan ni wọ́n kọ sí i. Kí ni kò pé? Wọn ò là á. Mo pè títí, wọ́n ní kí n lọ ka ìlànà OECD 109, ìlànà àgbáyé lórí wíwọn dẹ́ńsítì, èyí tí mo ti kà títí ojú fi ń ro mí! Àṣé ìwọ̀n ooru ni wọ́n ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye dẹ́ńsítì gan-an. Mo kọ ọ́ o, ojú ewé kejì ló wà. Gbólóhùn kan péré lẹ́nu wọn ì bá ti gbà mí.

Torí náà, 20 °C ni kẹ́ ẹ fojú sùn. Níbẹ̀, 0.789 g/mL ni dẹ́ńsítì ẹ́táńọ́ọ̀lù, èròjà inú ọtí. Bó bá gbóná sí i, iye yẹn á wálẹ̀. Ìgò píkínómítà, ìgò kékeré tí wọ́n fi ń wọn dẹ́ńsítì, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú láé. Ooru ọwọ́ yín á wọ inú rẹ̀, kẹ́míkà á máa yọ lójú ihò tóóró tó wà lórí ìdérí, ẹ̀yin á máa nù ún, ìwọ̀n á sì máa dín kù lójú yín. Ìka méjì ni kẹ́ ẹ fi mú un lọ́rùn. Ẹ rì í sínú omi tí ooru rẹ̀ dúró sójú kan, kẹ́ ẹ ní sùúrù. Ohun tó ki tún máa ń há afẹ́fẹ́ mọ́nú: ẹ rọra dà á gba ẹ̀gbẹ́ ìgò, kó jókòó títí afẹ́fẹ́ náà á fi gòkè tán. Wíwọn ìgò lófìfo àti pẹ̀lú omi, kẹ́ ẹ lè mọ iye tó ń gbà, ìyẹn ò le. Àmọ́ dẹ́ńsítì omi ní 20 °C kì í ṣe 1 géérégé, 0.9982 ni.

Haidirómítà? Ìlànà ò gbà á fún ohun tó bá ki ju 5 Pa·s lọ (Pa·s ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí nǹkan olómi ṣe ki tó). Ti píkínómítà dé 500. Ẹ ra ìgò.

Ẹ má sì jẹ́ kí "ògbógi" kankan sọ fún yín pé nọ́ńbà lásán ni. Toluene, kẹ́míkà olómi kan tí dẹ́ńsítì rẹ̀ jẹ́ 0.867, máa ń léfòó lórí omi: bó bá gbiná tẹ́ ẹ da omi lé e, iná á bá omi rìn kiri. Dichloromethane, olómi mìíràn tó jẹ́ 1.33, ìsàlẹ̀ omi ló ń rì sí. Oru tó ń tú jáde lára wọn tún lọ́tọ̀, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìyẹn. Ti àwọn méjèèjì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rá gbà, nítorí náà ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí nínú yàrá tí atẹ́gùn ò ti ráyè wọlé.