Mo ti ra áàpù lórí Mac mi àtijọ́: ṣé mo máa tún un rà lórí tuntun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mac tí mo ti ń lò láti bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ti ń rẹ̀wẹ̀sì, mo sì ti ra òmíràn. Áàpù mẹ́wàá ni mo fowó rà nínú App Store, ilé ìtajà áàpù ti Apple, lórí ti àtijọ́. Nígbà tí mo wo App Store lórí tuntun, mẹ́jọ péré ni mo rí. Ọ̀kan kò sí níbì kankan. Ìkejì wà lórí ẹ̀rọ lóòótọ́, torí mo kó gbogbo ohun tó wà lórí ti àtijọ́ wá sórí tuntun, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ gba ẹ̀dà rẹ̀ tó jáde kẹ́yìn, àkáǹtì tí mi ò lò mọ́ ló ń béèrè. Ṣé kí n tún owó san ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì mówó jáde. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, n kò rí èyí tó fi hàn pé ẹ gbọ́dọ̀ tún áàpù kankan rà. Wọn kò kọ ohun tí ẹ rà mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́rùn, àkáǹtì ni wọ́n kọ ọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2011 tí Apple ti ṣí ilé ìtajà náà fún Mac. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, ẹ sì lè tà á. Bí ẹ bá ṣì ń rí àkáǹtì tí ẹ fi rà á wọlé, ọ̀nà ṣì wà.

Ti àwọn mẹ́jọ yẹn kò le. Ẹ ṣí App Store, kí ẹ tẹ orúkọ yín ní ìsàlẹ̀ lápá òsì. Gbogbo ohun tí ẹ ti rà yóò tò sílẹ̀, títí kan èyí tí ẹ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí kò bá tíì sí lórí ẹ̀rọ yóò ní àwòrán àwọsánmà tí ọfà wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ iye owó ni ẹ rí dípò àwọsánmà lójú ewé áàpù kan tó dá yín lójú pé ẹ ti rà, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àkáǹtì tí ẹ fi wọlé kọ́ lẹ fi rà á.

Èyí tí ẹ kò rí rárá ńkọ́? Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni àwọn ohun tí a fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti tẹ “Hide Purchase” rí pẹ̀lú èrò pé àwọn ń pa áàpù rẹ́, wọn á sì gbàgbé. Ẹ tẹ orúkọ yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wọ “Account Settings”, ẹ wá “Hidden Items”, ẹ tẹ “Manage”. Bí áàpù náà bá wà níbẹ̀, “Unhide” yóò dá a padà sójútáyé.

Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ti kó o kúrò pátápátá, tàbí pé ẹ ti yí orílẹ̀-èdè àkáǹtì yín padà, torí kì í ṣe gbogbo ọjà ló wà ní orílẹ̀-èdè gbogbo. Nígbà míì sì rèé, áàpù á wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ tuntun ni kò ní gbà á. Aperture, áàpù Apple fún títún fọ́tò ṣe tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn púpọ̀, kúrò lórí àtẹ ní ọdún 2015, àmọ́ àwọn tó ti rà á ń lò ó lọ. Nínú macOS, ètò tó ń darí Mac, Mojave ni ẹ̀dà ìkẹyìn tó lè ṣí i. Catalina tó dé ní ọdún 2019 kò gbà á, kò sì gba áàpù 32-bit, irú áàpù àtijọ́, kankan mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má kánjú nu Mac àtijọ́ yẹn. Bí áàpù náà bá ṣì ń ṣí lórí rẹ̀, ẹ ṣí gbogbo iṣẹ́ tí ẹ fi ṣe, kí ẹ sì fi wọ́n pamọ́ ní irú fáìlì tí áàpù míì lè kà.

Wàyí o, èyí tó ń béèrè àkáǹtì àtijọ́. Òun ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù, ẹ sì jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo áàpù tó bá wá láti App Store ló ní rìsíìtì kékeré kan nínú ara rẹ̀, nínú fọ́dà tí wọ́n ń pè ní _MASReceipt. Nígbà tí ẹ kó ẹrù láti Mac kan sí èkejì, rìsíìtì náà bá a wá. Ìyẹn ni App Store fi mọ̀ pé kì í ṣe àkáǹtì yín tuntun ló rà á. Kò sí ohun tó bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó gba nǹkan yín.

Ẹ kọ́kọ́ wá àkáǹtì náà. Bí ẹ bá ti gbàgbé ìméèlì tí ẹ fi ṣí i, ẹ wá rìsíìtì Apple nínú àwọn àpótí ìméèlì yín àtijọ́. Àkáǹtì tí wọ́n fi ra nǹkan máa ń wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ni kò sí lórí yín mọ́, iforgot.apple.com ni kí ẹ lọ. Lẹ́yìn náà, láti inú “Store” lókè App Store, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì tuntun, kí ẹ fi ti àtijọ́ wọlé, kí ẹ gba ẹ̀dà tó jáde kẹ́yìn. Ẹ kò nílò láti jáde kúrò nínú iCloud, ibi tí Apple ti ń bá yín tọ́jú fáìlì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa wọlé, máa jáde báyìí títí ayé? Láti oṣù kejì ọdún 2025, Apple ti ń jẹ́ kí èèyàn kó ohun tó rà lórí àkáǹtì kan lọ sórí òmíràn, láti orí iPhone tàbí iPad, lábẹ́ “Media & Purchases”. Àkáǹtì tí ẹ fẹ́ kó kúrò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ń fi ra nǹkan nìkan, kí méjèèjì sì jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kan náà. Kò sí ní orílẹ̀-èdè gbogbo. Bí ti yín bá yẹ, òun ni èmi yóò mú. Bí kò bá yẹ, ẹ fi àkáǹtì àtijọ́ sínú Family Sharing yín, ètò Apple tí ìdílé fi ń pín ohun tí wọ́n rà, tó ń gba èèyàn mẹ́fà, kí ẹ sì gbà pé kí wọ́n máa pín ohun tí wọ́n rà. Kì í ṣe gbogbo áàpù ló fara mọ́ pípín. Ẹ wo ojú ewé rẹ̀ ní App Store kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ rà nínú áàpù fúnra rẹ̀ kì í hàn nínú àtòjọ tó wà lábẹ́ orúkọ yín ní App Store. Bọ́tìnì “Restore Purchases” inú áàpù náà ni kí ẹ wá. Èyí tí ẹ sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù kò ní dáwọ́ dúró torí pé ẹ ju áàpù náà sínú Trash. Nínú “Account Settings” ni ẹ ti máa fagi lé e, níbi “Subscriptions”.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ti àkáǹtì àtijọ́ yẹn kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní Mac àtijọ́. Apple lè fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí i nígbà tí ẹ bá ń wọlé, bí ó bá sì jẹ́ òun nìkan ni àkáǹtì náà ṣì ń dá mọ̀, ẹ óò nílò rẹ̀ nítòsí.